Ní Ibú Alágbẹ̀dẹ

Murdo, òjò rọ̀ lálẹ́ àná.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni odò Deveron fi gbẹ,
tí àwọn òkúta yọ ẹ̀yìn síta bíi màlúù tó sùn,
tí àwọn ẹja sámọ́nì tò sínú ibú lábẹ́ afárá,
wọ́n ń retí omi bí èrò ṣe ń retí ọkọ̀ ojú irin
tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìgbà tó máa dé.
Láàárọ̀ yìí, ó ti kún. Àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì.
Ìlà pupa tí o fi ọ̀dà kùn sára òpó afárá
ti wọmi dé ìdajì.

Mo wọ bàtà rọ́bà rẹ. Ó tóbi jù mí lọ.
Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, mo ki ìwé ìròyìn bọ imú rẹ̀.
Effie Cruickshank rí mi lójú fèrèsé,
kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ife rẹ̀ sókè.
Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí mo gba ọ̀nà yìí gbẹ̀yìn.

Ọkà báálì ti gbó dé etí odò.
Èso pupa igi róánì ń já bọ́ sómi lọ́kọ̀ọ̀kan.
Kantíkantí ò gbàgbé mi:
wọ́n kí mi káàbọ̀ létí, lọ́rùn, nínú irun.

O máa ń sọ pé: má ju okùn, rán an níṣẹ́.
Mo jù ú. Ó há sórí igi. Mo bú igi, mo bú ọ.
Mo tún rán an.
Ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ dúdú tí o fi òwú pupa dì
lórí tábìlì ìdáná, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sínú ọbẹ̀ mi,
ó rékọjá àpáta, ó yí bí ẹni tó rántí nǹkan,
okùn sì dúró.

Kì í ṣe bí ẹja kékeré ṣe ń já okùn gbà.
Ó dà bíi pé odò fúnra rẹ̀ di ọwọ́ mi mú.
Lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ okùn figbe ta.
Ogún ìṣẹ́jú, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá mi ń gbọ̀n.
Mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe bá ọ sọ̀rọ̀
ní wọ́ọ̀dù yẹn, ní Aberdeen:
rọra, rọra, kò sẹ́ni tó ń lé wa.

Abo ni. Ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin,
ara rẹ̀ ti pọ́n bíi bàbà, kò dán bíi ti oṣù kẹfà mọ́.
Mo kọjú rẹ̀ sí òkè, síbi tí omi ti ń wá,
mo di ìdí ìrù rẹ̀ mú. Ọwọ́ mi ò ká a tán.
Ó ń mí. Èmi náà ń mí.
Omi tutù wọnú bàtà rẹ.
Nígbà tó yá ó ta ìrù lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi ṣófo.

Nínú ahéré, ìwé náà ṣì wà lórí ìṣó rẹ̀.
Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án, pa. Pọ́n-ùn mẹ́rìnlá, pa.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí ẹni fi òòlù kan ìṣó.
Nígbà tí ẹja dínkù, tí òfin dé,
ìwọ tí o kùn fún ọjọ́ mẹ́jọ,
tí o ní kí ni èèyàn fẹ́ máa jẹ, ìròyìn?
o mú bírò, o fi “dà” kún “pa”.
Padà. Padà. Padà.
Títí dé ojú ewé tí ọwọ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo kọ tèmi sísàlẹ̀: Abo. Ibú Alágbẹ̀dẹ. N ò wọ̀n ọ́n.
Pa
(mo dúró díẹ̀, òjò tún ti bẹ̀rẹ̀ lórí páànù)
dà.
Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn náà ni mo máa ń sọ
bí mo bá jí, tí mo na ọwọ́ síbi tí o máa ń sùn sí:
Murdo dà?

Mo pa ìwé náà dé.
Tíì ti tutù. Mo mu ún bẹ́ẹ̀ náà.